Ògúndé: Tísà, Ọlọ́pàá, Kó Tó Di Baba Tíátà

Mo mọ ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa ní kété tí a bá ti jókòó tán: kí lo wá ń ṣe báyìí? Àwọn kan á yára dáhùn. Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ṣì ń wò ó ná. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wò ó yìí gan-an ni mo torí yín mú gègé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan tó wò ó pẹ́, tó wò ó nínú aṣọ ọlọ́pàá, ní Èbúté Mẹ́ta tiwa níbí.

Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí Hubert Ògúndé ní 1916. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó gbé fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ baba ìyá rẹ̀, babaláwo sì ni baba yẹn. Bí etí rẹ̀ ṣe ń gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ń gbọ́ ìlù ọdún ìbílẹ̀. Ó kàwé ní Òsósà, ó kà á ní Fàájì l'Ékòó, ó sì parí rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1932. Ó wá di tísà, ó tún ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ lè sọ bí iṣẹ́ tísà ṣe níyì tó nígbà yẹn, àti bí owó rẹ̀ ṣe kéré tó! Ní 1941 ó gbé pátákó ìkọ̀wé jù sílẹ̀, ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e wá sí Èbúté Mẹ́ta.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta ń wá owó ilé ìsìn. Wọ́n ní kí Ògúndé bá àwọn ṣe eré tí àwọn lè fi kówó jọ. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà l'Ékòó tẹ́lẹ̀: àwọn akọrin á tò sójú kan, wọ́n á máa kọrin ìtàn inú Bíbélì, ó parí. Ògúndé ní rárá o. Ó kó ìlù sí i, ó kó ijó sí i, ó ní kí àwọn òṣèré máa rìn, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1944, wọ́n ṣe eré náà, èyí tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, ní Glover Hall. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ṣé ẹ rò pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Kò fi sílẹ̀ o. Ó ṣe eré mìíràn kí ọdún náà tó parí, ó tún ṣe òmíràn ní 1945, ọlọ́pàá ló sì jẹ́ síbẹ̀. Ìgbà tó rí i pé àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà rárá ń fi owó ara wọn wọlé, tí wọ́n tún ń padà wá, ló tó bọ́ kákí. Ó dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀ ní 1945. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kó ṣe eré ìjọ dé ọjọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba, kò pé ọdún 2, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan.

Èmi tí mo ń kọ ọ́ yìí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kúrò ní ọ́fíìsì kan nítorí pé inú ń bí mi. Mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ojúẹlẹ́gba, bẹ́ẹ̀ n kò ta ọjà kan rí láyé mi. Oṣù 7 ni ṣọ́ọ̀bù náà lò. Ẹ̀yin tí ẹ fún mi lówó oúnjẹ nígbà yẹn, ẹ mọ ara yín.

Kò rọrùn fún Ògúndé náà lẹ́yìn tó mọ ọ̀nà tán. Ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà nídìí rẹ̀. Ògúndé fi ṣe eré, wọ́n sì fòfin dè é ní Jọ́ọ̀sì ní 1946. Ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá alágbe ṣeré, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn onítíátà nìyẹn. Kí àwọn obìnrin má bàa fi òun sílẹ̀, ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn níyàwó. (Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ìtàn ni mo ń sọ.) Ní 1964, eré *Yorùbá Ronú* mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbègbè tí ọjà rẹ̀ ti ń tà jù lọ. Ó di 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì jókòó sójú kan. Ní 1947 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Ní nǹkan bí 1950 ó sọ ẹgbẹ́ náà di Concert Party, ó ń fi fèrè òyìnbó àti ijó ìgbàlódé fa èrò. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ṣìnà díẹ̀, kó tó padà sórí ọ̀rọ̀ tó kan ìlú. Nígbà tí fíìmù dé, ó ti lé ní 60 ọdún, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ka owó ìfẹ̀yìntì. Ó gbé *Aiyé* jáde ní 1979, *Jáiyésinmi* tẹ̀ lé e, *Àròpin N T'ènìyàn* dé ní 1982, *Àyànmọ́* ní 1988.

Yunifásítì Èkó, ní Akọkà, tí kò jìnnà sí ibi tó ti ṣe ọlọ́pàá, fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé, Yunifásítì Ifẹ̀ náà sì fún un. Ó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1990. Wọ́n gbé e padà sí Òsósà.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Concert Party yẹn, kó wá bá mi níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì lọ́jọ́ àpéjọ.