Afala, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther kì í ṣe àjèjì sí àwọn òǹkàwé wa. Àwọn olùkọ́ ń fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń béèrè ìyá tí ó bí i kò pọ̀. Nítorí èyí ni ó fi tọ́ lójú wa láti rántí Afala, obìnrin tí ogun tú ilé rẹ̀ ká, tí ó sì tún un kójọ.

Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn ará ìlú ti ń pèsè oúnjẹ, ogun dé lójijì. Ọkọ rẹ̀ wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Wọn kò fi ojú kàn án mọ́. Afala kó Àjàyí àti àwọn ọmọbìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìkókó, ó sá wọ igbó. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. A fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́, a sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí a ti pín wọn bí ẹrù: Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kan sí apá kan, ìyá àti ìkókó sí apá kejì.

Ìyá àti ọmọ tún pàdé ní ìlú kan tí à ń pè ní Dada, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí a tó tún já Àjàyí gbà lọ. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní ọdún 1822 àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Apá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nìyí. Ìyá tí ó kù lẹ́yìn ńkọ́?

Ọdún 25 ni ó lò láìmọ̀ bí ọmọ rẹ̀ wà láàyè tàbí ó ti kú. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ìyá náà sìnrú, ó bọ́, a tún jí i gbé, a sì tún tà á, títí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin fi fi owó ẹyọ rà á padà. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ìrètí nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọdún 1846, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí a kó pẹ̀lú rẹ̀ ní Òṣogùn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Abaka, ìlú kékeré kan nítòsí Abẹ́òkúta, ó sì ń tọ́jú àwọn àti àwọn ọmọ wọn.

Ní ọdún náà ni Crowther, tí ó ti gba oyè àlùfáà ní 1843, wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, Afala àti arákùnrin Àjàyí kan wá a wá. Ara ìyá gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò ṣe é sọ. Omijé ni ó ń ṣàn. Ìyá fi àwọn orúkọ ìgbà èwe pè é, èyí tí ìyá àgbà rẹ̀, tí ó ti kú sí oko ẹrú, fi máa ń pè é.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún Afala, láàárín àwọn àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta. Hánnà ni orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó wà láàyè nígbà tí a fi ọmọ rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní ọdún náà gan-an ni Àbígẹ́lì, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí Herbert Macaulay ní Èkó; bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí a fi okùn fà ní Òṣogùn ṣe ní ìran kẹrin láyé. Ní 1883 ni ó sùn ní Èkó, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti súnmọ́ 100. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá parí. Crowther ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹnu Afala ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ èdè tí ó fi ṣe é.

Kí ni èyí kàn wá ní Ìbàdàn? Ogun tí ó fọ́ Òṣogùn wà lára àwọn tí ó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, inú ìtúká náà ni ìlú wa sì ti dìde ní nǹkan bí 1829. Kì í ṣe pé àwọn baba wa gba àwọn tí ń sá fún ogun nìkan; àwọn náà kó ẹrú. Nínú àwọn agbo ilé tí ó yí Ọjà Ọba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrunkà ká, obìnrin tí a mú lójú ogun wà níbẹ̀, tí ó ṣòwò, tí ó tọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, tí a kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé kò ní ọmọ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará tí ó mọ ìwé: ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà ilé yín. Ẹ béèrè orúkọ ìyá wọn, ìlú tí ó ti wá, àti ọ̀nà tí ó gbà dé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.