Teslim Balogun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ààrá

 Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Paris àti ní London lónìí ju bí wọ́n ṣe mọ orúkọ bàbá wọn àgbà lọ. A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n tí a bá bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn fún àwa ọmọ Yorùbá, wọn á kàn máa wo ara wọn ni. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Teslim Ayinde Balogun, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Thunder, ìyẹn Ààrá.

27 Oṣù Kẹta 1927 ni wọ́n bí i. Atamátàsé ni, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù, àwọn gólì kì í fẹ́ dúró síwájú ẹ̀. Ìtàn náà ti wá ga ju ènìyàn fúnra rẹ̀ lọ: àwọn kan á ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń ya àwọ̀n, àwọn mìíràn á tún fi tiwọn kún un. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń pa àlọ́. Ohun tó ṣe lójúkojú tó wa ìtàn sọ.

Nígbà yẹn, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso Nàìjíríà, bí Faransé ṣe ń ṣàkóso Dahomey tiwa. Kò sí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, Rélùwéè àti àwọn bíi tiwọn, ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n á fún ọ níṣẹ́, wàá ṣiṣẹ́ láàárọ̀, wàá gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Teslim ti dàgbà.

Ní Oṣù Kẹjọ 1949, wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ó di Liverpool. Etim Henshaw ni olórí wọn. Teslim wà nínú wọn, ọmọ ọdún 22. Ní 31 oṣù náà, wọ́n pàdé ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, wọ́n sì na àwọn onílé ní 5 sí 2. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò yìí ò wọ bàtà rárá. Báńdéèjì ni àwọn kan fi wé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ pápá wa níhìn-ín kò ní bi wá pé kí ló fà á, nítorí ẹsẹ̀ lásán lọmọ fi ń kọ́ bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ yẹn ló sì mọ bọ́ọ̀lù jù. Àmọ́ koríko tútù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe iyanrìn Èkó, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 tí wọ́n gbá, méjì ni wọ́n jáwé olúborí, méjì ni ọ̀mì, márùn-ún ni wọ́n pàdánù. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n dúró ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí 0 ní 8 Oṣù Kẹwàá. Ìyẹn ni Nàìjíríà kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ọdún 1955 ò dáa fún bọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Ní Accra, Gold Coast nà wọ́n ní 7 sí 0, títí dòní wọn ò tíì jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Teslim di ẹrù, ó lọ sí Peterborough United, níbi tí George Swindin ti jẹ́ ọ̀gá. Midland League ni Peterborough ń gbá nígbà yẹn, wọn ò tíì wọ líìgì ńlá. Àyè kò sì gbà á púpọ̀ níbẹ̀. Ní 1956 ó kọjá sí Queens Park Rangers ní London, tí wọ́n wà ní ìpele kẹta. Titus Okere ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí Swindon, ṣùgbọ́n Teslim ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ pápá nínú Football League.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ló gbá fún wọn ní líìgì, ó sì jẹ góòlù 3. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi 13 yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé gbogbo ariwo ààrá náà nìyí. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Lákòókò yẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù ní líìgì Gẹ̀ẹ́sì. 1965 ni wọ́n tó gba ìyẹn láyè. Ẹni 11 tó bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn tí wọ́n á fi ṣàánú àlejò. Ìgbà 13 ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wo gbogbo ọmọ onílé tó ní, tó sì fi ọmọ Èkó tó ti lé ní ọdún 29 ṣáájú wọn. Owó náà ńkọ́? Títí di 1961, òfin wọn ò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kankan, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó, gbà ju 20 pọ́n-ùn lọ lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ọrọ̀ ló lọ wá.

Àwa tí a ń sọ Faransé á rántí Raoul Diagne, tó gbá fún orílẹ̀-èdè Faransé láti 1931 tó sì lọ sí Ife Àgbáyé 1938. Òun náà padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ló wà nídìí ẹgbẹ́ Senegal nígbà tí wọ́n na àwọn amatọ̀ Faransé ní Dakar ní 1963. Ọ̀nà àwọn méjèèjì jọra. Ṣùgbọ́n Blaise Diagne, aṣòfin ní Paris, ni bàbá Raoul. Teslim ò ní bàbá ní ilé aṣòfin London.

Lẹ́yìn QPR, ó gbá díẹ̀ fún Holbeach United, ẹgbẹ́ kékeré kan, ó sì padà wálé ní 1958. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹlòmíràn ì bá jókòó ti òkìkí, kó máa sọ ìtàn ilẹ̀ òyìnbó fún àwọn ọmọdé. Teslim tún lọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ohun tí a ń pè ní entraîneur níhìn-ín. Ẹ rántí pé òyìnbó ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí ẹgbẹ́ Nàìjíríà nígbà yẹn. Kí dúdú mú ìwé ẹ̀rí jáde, kó ní òun náà lè kọ́ni, nǹkan tuntun pátápátá ni.

Ní 1968, ó wà lára àwọn tó kọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíḿpíìkì ní Mexico, ìgbà àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà dé ibẹ̀. Ogun Biafra ń jà nílé lọ́wọ́, ìdajì ilẹ̀ tí wọ́n ti máa ń rí agbábọ́ọ̀lù ti dàrú. Japan nà wọ́n ní 3 sí 1, Spain ní 3 sí 0. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàdé Brazil, wọ́n sì gbá ọ̀mì 3 sí 3. Japan tó nà wọ́n yẹn ló padà gba àmì ẹ̀yẹ bàbà, kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ.

Teslim kú ní 30 Oṣù Keje 1972, ọmọ ọdún 45 péré. Ọmọ mẹ́ta-mẹ́rin ọdún sí i ì bá ti tó láti rí àwọn tó kọ́ tí wọ́n di akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ fi pápá ìṣeré kan sọrí rẹ̀ ní Surulere, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, ilé náà dúró bẹ́ẹ̀ láìparí, ewé hù níbẹ̀. 2007 ni wọ́n tó ṣí i, ọdún 35 lẹ́yìn tó ti kú. Ó gba èrò tó lé ní 24,000. Ní 2009, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 gbá Ife Àgbáyé níbẹ̀. Ẹni tó bá ti Kétu lọ sí Èkó lè yà wò ó: òdìkejì National Stadium ló wà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.