Dókítà Ṣànyà Ọnàbámirò àti Kòkòrò Olójú Kan Inú Omi

Ìtàn ìgbésí ayé ọmọ Yorùbá kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní ìgbà yìí. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà àárín wa, ṣùgbọ́n ọ̀ràn òṣèlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Dókítà Ṣànyà Ọnàbámirò ni mo ń wí. Ní tèmi, iṣẹ́ tí ó ṣe lórí omi tí a ń pọn sínú amù ni ó yẹ kí àwa obìnrin fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, a sì bí i ní nǹkan bí àkókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ní 1905. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Higher College ní Yábàá. Ẹ rántí pé kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà títí di 1948, nítorí náà Yábàá ni òkè téńté fún ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí ìlú òyìnbó, ó kàwé ní Manchester àti ní Oxford.

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti máa ń rí. Bí ọmọ bá ti ń ṣe dáadáa nínú sáyẹ́ǹsì, a ó ti sọ ọ́ di dókítà kí ó tó jáde ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá ní ẹranko ni òun fẹ́ máa kọ́ nípa rẹ̀, ẹbí yóò bi í léèrè bóyá ọdẹ ni ó fẹ́ dà. (Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí ara mi lẹ́nu àwọn òbí ní ìgbà tí mo ń ṣe olùkọ́.) Ọnàbámirò yan ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, kì í sì í ṣe erin tàbí ẹkùn ni ó lépa. Àwọn ẹ̀dá tí ń fi ara ẹ̀dá mìíràn ṣe ilé ni ó dojú kọ, àti àwọn kòkòrò kéékèèké inú odò tí ènìyàn ń gbé mì láì mọ̀. Nígbà tí ó padà dé, University College, Ìbàdàn, ni ó ti ń ṣe ìwádìí, sòbìà sì ni ó gbájú mọ́.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ sòbìà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwa tí a dàgbà ní ẹkùn Kétu àti Yewa mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ wú, yóò máa jó ènìyàn bí iná, yóò lé ròrò, lẹ́yìn náà ni aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yọ orí jáde. Aràn náà lè gùn tó mítà kan. Bí a bá fà á já, wàhálà ni, nítorí náà ṣe ni wọ́n máa ń wé e mọ́ igi kékeré, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Títí di òní kò sí oògùn kankan tí ń pa á nínú ara. Bí ó bá mú ìyá, ta ni yóò pọn omi? Ta ni yóò gbé ọmọ? Bí ó bá mú bàbá ní àkókò oko, ebi ọdún tí ń bọ̀ ti dé nìyẹn. Àwọn baba wa ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgàmbe ni à á ké sí, èyí sì fi hàn pé wọ́n mọ ewé tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò rẹ̀. Ibi tí ó ti wá ni kò yé wọn. Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó wà láti ilẹ̀, àwọn mìíràn ní àwọn ọ̀tá ni ó fi ránṣẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1870 ni Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ti rí i pé ọmọ aràn náà máa ń wọ inú kòkòrò omi kan tí wọ́n ń pè ní Cyclops. Kòkòrò yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá bu omi sínú ife gíláàsì, bí èérún tí ń fò sókè-sódò ni a ó rí i. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní níwájú orí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ òmìrán olójú kan inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì. Ṣùgbọ́n Cyclops kì í ṣe ẹyọ kan. Oríṣiríṣi ni ó wà nínú adágún kan náà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń gbé sòbìà. Èwo ni tiwa nílẹ̀ Yorùbá? Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Ìbéèrè tí Ọnàbámirò gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nìyí.

Ó ń bu omi adágún, ó ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó ń ya àwọn kòkòrò náà sọ́tọ̀ sọ́tọ̀. Ó rí irú àwọn tí ẹnìkan kò tíì kọ sínú ìwé rí. Ní 1951 ó tẹ ìwádìí jáde lórí bí èyí tí wọ́n ń pè ní Thermocyclops nigerianus ṣe ń tan sòbìà ká ní abúlé kan ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ní 1956 ó tẹ òmíràn jáde, lórí bí aràn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìdàgbà lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ara ẹ̀dá tí ń fún ọmọ lọ́mú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é fún ọmọ ilé ìwé. Ẹni tí sòbìà mú yóò wọ inú odò lọ pọn omi, tàbí kí ó kàn fẹ́ kí omi tutù pa jíjó ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá ti kan egbò náà, aràn yóò tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Cyclops yóò gbé wọn mì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ aràn inú rẹ̀ ti gbó tó láti ran ènìyàn. Ẹni tí ó bá mu omi náà láì sẹ́ ẹ, ikùn rẹ̀ yóò pa Cyclops, ọmọ aràn yóò sì jáde nínú rẹ̀, yóò gba inú ara lọ. Ọdún kan gbáko ni yóò tó yọ. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣí?

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tí ó tẹ̀ jáde ní 1954. Ó ṣọ́ bí àwọn kòkòrò náà ṣe ń lọ sókè sódò nínú omi ní ọ̀sán àti ní òru, ó sì rí i pé àwọn tí ọmọ sòbìà wà nínú wọn a máa rì sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, tí adágún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ìsàlẹ̀ ni a ń fi igbá há. Omi tí ó ṣẹ́kù fún wa nígbà náà gan-an ni ewu pọ̀ sí jù.

Kì í sì í ṣe àwọn onímọ̀ nìkan ni ó ń kọ̀wé sí. Ní 1949 ó ti kọ ìwé kan tí ó pè ní Why Our Children Die, nípa ohun tí ń pa àwọn ọmọ wa ní kékeré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Ní 1953 ó kọ Food and Health, lórí oúnjẹ àti ìlera. Ní ayé ìgbà tí wọ́n ń pe ikú ọmọdé ní iṣẹ́ àbíkú, kò rọrùn láti jókòó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Òṣèlú fà á lọ lẹ́yìn náà. Ó wọ ẹgbẹ́ Action Group, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1962, tí wọ́n gbé Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba, Ọnàbámirò wà lára àwọn tí ó jẹ́rìí fún ìjọba. Ní oṣù September 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò dárí ẹ̀rí náà jì í, inú mi náà kò sì dùn sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí a ó fi da iṣẹ́ adágún nù mọ́ ọn. Ó kú ní 1985.

Sòbìà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ó kú. Ní Ìdèrè ní Ìbàràpá, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń bá a jà ní àwọn ọdún náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tí ó mú ní gbogbo Nàìjíríà, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. A gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sínú adágún, Ọ̀gágun Gowon rìn káàkiri abúlé, wọ́n sì pín asẹ́ fún àwọn obìnrin kí wọ́n máa fi sẹ́ omi sínú amù. Asẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ nítorí pé Cyclops tóbi ju ihò aṣọ náà lọ. Ẹni tí ó mú gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu ni, ní November 2008. Ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán ní ilẹ̀ wa.

Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò olójú kan náà ń jẹ́ orúkọ Ọnàbámirò. Lindberg, onímọ̀ ará Yúróòpù kan, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1950 láti bu ọlá fún un: Tropocyclops onabamiroi.