Mudashiru Lawal, Òṣìṣẹ́ Àárín Pápá

Bí a bá ń ka àwọn agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ wọn kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn, a kì í pẹ́ kan Mudashiru Lawal. Muda ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti lé ní 30 ọdún tí ó ti papò dà, síbẹ̀ ibikíbi tí àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé ní ìlú náà láàrin ọdún 1975 sí 1984 bá jókòó sí, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì súyọ, dandan ni kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe òun ni ó mọ̀ ọ́n fi dárà jù. Iṣẹ́ ni a fi mọ Muda. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí odindi ìlú fi lè fẹ́ràn òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àfi kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ìlú Abẹ́òkúta ni a bí Mudashiru Babátúndé Lawal sí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 1954. Kì í ṣe ọmọ olówó. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde. Ní ọdún 1975, ó di ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ ni ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ wa. Abẹ́ WNDC, ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀, ni Shooting Stars wà tẹ́lẹ̀ kí ó tó bọ́ sábẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tí a ń pè ní IICC. IICC yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n nígbà tí Muda dé; lẹ́yìn náà ni orúkọ tún yí padà sí 3SC. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn kò ṣi ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ rí.

Àárín pápá ni Muda ń gbá. Fún ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù dáadáa, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí èyí jẹ́. Aṣọ́lé ní ojú ilé tí ó ń ṣọ́. Àwọn tí ń gbá ẹ̀yìn mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí. Àwọn ti iwájú ń retí bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà ní àárín kò ní ibì kan tí a lè pè ní tirẹ̀ nìkan. Bí àwọn alátakò bá ń bọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ pàdé wọn. Bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wọn, òun náà ni yóò wá ẹni tí yóò gbé e fún. Bí ẹni náà bá sì sọ ọ́ nù, àfi kí ó tún sáré padà lọ wá a. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọ̀kọ̀ ìwunṣọ, fún odindi 90 ìṣẹ́jú. Muda lè ṣe èyí láti ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè àkọ́kọ́ títí di ìgbà tí ó bá fọn ti ìkẹyìn, láìjẹ́ pé ó mí hẹlẹ. Ó lágbára lára, ó sì ní ẹ̀mí ìfaradà. Ojú àwọn òǹwòran lè wà lára ẹni tí ó gbá góòlù wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Muda kò bá sí lórí pápá, ńṣe ni àárín máa ń rí bí ọjà tí ó ti tú.

Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Best Ogedegbe ni aṣọ́lé. Felix Owólabí wà ní apá òsì, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sì wà ní apá ọ̀tún. Ọdẹ́gbàmí yìí kàwé nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ti inú ìwé mọ ẹ̀rọ àti ẹni tí ó fi ọwọ́ ọ́ìlì tú ẹ̀rọ palẹ̀ jọ ń wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé lórí pápá ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá ti ń gbọ́ ara wọn yé nínú ilé lọ.

Ọdún 1976 ni òkìkí wọn kàn kọjá Nàìjíríà. Ní ọdún náà, IICC gba ife líìgì ilẹ̀ wa. Wọ́n tún wà nínú ìdíje Áfíríkà tí a ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti díje fún ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tí ó gba ife Áfíríkà rí. Rangers ti Enugu ti sún mọ́ ọn ní ọdún 1975 nínú ìdíje àwọn aṣíwájú líìgì, ṣùgbọ́n Hafia ti ilẹ̀ Guinea já ife náà gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí IICC wá bá pàdé ní ìparí kì í ṣe ẹni tí a lè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú. Tonnerre ti Yaoundé ní Cameroon ni, àwọn tí wọ́n gba ife náà ní ọdún tí ó ṣáájú, tí Roger Milla sì wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn.

Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. IICC gbá góòlù mẹ́rin, Tonnerre gbá ẹyọ kan. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ fún ará Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà mọ̀ pé ilé ẹnìkan ni wọ́n ṣì ń lọ, àti pé ẹni tí a bá nílé rẹ̀ kì í rọrùn ṣẹ́gun. Ní Yaoundé, ìṣòro dé lóòótọ́. Cameroon ni ó borí lọ́jọ́ náà pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àárín pápá ń hàn, nítorí pé bí Tonnerre bá gbá mẹ́ta, ife ti bọ́. Wọn kò gbá mẹ́ta. Nígbà tí a ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, mẹ́rin sí méjì ni, IICC sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbé ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé.

Láti ìgbà náà, kò sí àdúgbò tí ènìyàn kò ní bá àwọn ọmọdé tí wọ́n fi òkúta ṣe ojú ilé, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù felele nínú eruku. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù á ti pe orúkọ tí ó fẹ́ jẹ́. Orúkọ Ọdẹ́gbàmí ni a máa ń du, nítorí òun ni ń gbá a sáwọ̀n. Ẹni tí ó bá mú Muda mọ̀ pé òun ti gba iṣẹ́, pé òun kò ní rójú dúró títí ìyá ẹnìkan yóò fi pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo rántí pé ọmọ tí ó bá lókun jù nínú wa ni a máa ń fi orúkọ yẹn fún, kì í ṣe ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù yí jù. A kò rí ẹni kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rédíò àti lẹ́nu àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ti Liberty Stadium bọ̀ ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú Muda wọ ikọ̀ orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Green Eagles nígbà náà. Ó bá wọn lọ sí ilẹ̀ Ethiopia ní ọdún 1976 fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gba ipò kẹta. Ní ọdún 1978, ní ilẹ̀ Ghana, ipò kẹta náà ni. Láàrin méjèèjì ni ìbànújẹ́ ńlá kan ti wọlé. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1977, Nàìjíríà gbàlejò Tunisia ní Èkó. Ààyè kan ṣoṣo ni a yọ̀ǹda fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 1978. Ọmọ Nàìjíríà kan ni ó ṣèèṣì fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ ilé ara rẹ̀. Góòlù kan yẹn ni Tunisia fi borí.

Ọdún 1980 ni inú dùn. Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, Otto Gloria, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ni ó ń kọ́ ikọ̀ wa, Christian Chukwu sì ni balógun wọn. Nínú eré àkọ́kọ́, Tanzania ni wọ́n kọ́kọ́ bá fìjà pẹẹ́ta. Muda ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, ní ìṣẹ́jú kọkànlá. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ni eré náà parí sí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Côte d'Ivoire, wọ́n ṣẹ́gun Egypt, wọ́n sì ṣẹ́gun Morocco pẹ̀lú góòlù tí Felix Owólabí gbá.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ni àṣekágbá, ní pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè. Ènìyàn kún pápá dé góńgó, Ààrẹ Shehu Shagari náà sì wà níbẹ̀. Algeria ni alátakò. Eré kò tíì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí Ọdẹ́gbàmí fi gbá èkínní wọlé. Òun náà ni ó gbá èkejì kí wọ́n tó lọ sinmi. Góòlù méjì kò tíì fini lọ́kàn balẹ̀, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ Algeria. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí Tunisia ṣe ní 1977 kò ní tètè jó. Wọ́n padà wá láti ibi ìsinmi, ó di ìṣẹ́jú àádọ́ta, Muda gbá ẹ̀kẹta wọlé. Ìgbà yẹn ni Nàìjíríà mọ̀ pé ife ti di tiwa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbà á nìyẹn. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ọjọ́ náà, góòlù méjì Ọdẹ́gbàmí ni ó máa ń gba ẹnu ènìyàn, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìwé àkọsílẹ̀ yóò rí i pé Muda ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje náà, òun náà ni ó sì gbá èyí tí ó kẹ́yìn. Òun ni ó ṣílẹ̀kùn, òun ni ó tì í.

Ó bá wọn dé Moscow fún ìdíje Òlíḿpíìkì ní ọdún kan náà. Ní 1982, ní ilẹ̀ Libya, Nàìjíríà kò pẹ́ kí wọ́n tó padà sílé. Ní 1984, wọ́n tún dé àṣekágbá ní Abidjan. Muda ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Cameroon, ní ìṣẹ́jú kẹwàá, kí Cameroon tó dá mẹ́ta padà. Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún léraléra, láti 1976 dé 1984, ni ó ti kópa láìfo ọ̀kan. Ní ìgbà tirẹ̀, ohun àrà ni èyí ní gbogbo Áfíríkà. Ohun tí ó kó bọ̀ ni wúrà kan, fàdákà kan àti idẹ méjì. Iye ìgbà tí ó wọ aṣọ Nàìjíríà sì ju 80 lọ.

Ọdún 1984 yìí kan náà kò fi ire parí fún Ìbàdàn. Shooting Stars dé àṣekágbá ife àwọn aṣíwájú líìgì ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ti Egypt ṣẹ́gun wọn ní Cairo, ó sì tún ṣẹ́gun wọn ní Èkó. Inú bí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì tú ikọ̀ náà ká. Èrò tèmi ni pé ìyà yẹn ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ igbákejì ní gbogbo Áfíríkà ni a tú ká bí ẹni pé wọ́n jalè. Muda lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores ti Èkó, ó sì tún gbá fún Abiola Babes ní Abẹ́òkúta tí í ṣe ìlú rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn kò pè é ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí èyí. Wọ́n mọ ẹni tí ó tú ilé.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1991, Mudashiru Lawal kú. Ẹni ọdún 37 ni. Ikú yìí dun àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n, ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí ẹni tí a mọ̀ sí pé kò lè rẹ̀ ni ó rẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Pápá ìṣeré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Aṣẹ́rò, ní Abẹ́òkúta. Àmọ́, àwòrán àti fíìmù àwọn eré ìgbà yẹn kò pọ̀ tó èyí tí a ń rí lónìí. Ibi tí Muda ṣì ti ń sáré jù ni inú orí àwọn tí wọ́n fi ojú rí i, irun orí àwọn náà sì ti ń funfun. Àwọn ọmọ wọn lè ka gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ilẹ̀ òyìnbó lórí láìṣì sọ, kí wọ́n má mọ ẹni tí ó gbá góòlù ẹ̀kẹta ní 1980.

Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí Muda wá títí tí kò rí, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Nàìjíríà tó débẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje náà wọlé Bulgaria, ó sì di àwọ̀n mú, ó ń sunkún. Yekini yìí ti wà pẹ̀lú Muda nínú ikọ̀ tí ó lọ sí Abidjan ní 1984. Shooting Stars ni ó sì wà nígbà náà, ní Ìbàdàn, tí Muda ń gba bọ́ọ̀lù fún un láti àárín pápá.