Louis Odumegwu Ojukwu: Akọ̀wé Táyà tí ó Di Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ Ẹrù

Bí a bá dárúkọ Ojukwu létí wa, ọ̀gágun onírùngbọ̀n tí ó kéde Biafra ní 1967 ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ bá. Kì í ṣe òun ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni, Louis Odumegwu Ojukwu, ẹni tí ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ayé tó mọ ọmọ, bàbá ni wọ́n ti mọ̀, lọ́rì ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi wá léèrè ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ń wá nínú ìtàn ọmọ Nnewi, kí ó ní sùúrù. Èkó ni bàbá yìí ti kọ́ òwò ọkọ̀, àárín ìlú àwọn bàbá wa ni ẹrù rẹ̀ sì ń gbà kọjá.

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní Asaba, ó sì lọ sí iléèwé Hope Waddell ní Kàlábá. Lẹ́yìn èyí ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, níbi tí ó ti ń yẹ irè oko wò bóyá ó dára tó fún títà. Iṣẹ́ ìjọba láyé ọjọ́un kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fi í sílẹ̀. Ní 1929 ó wọ ilé iṣẹ́ John Holt ní Èkó, wọ́n sì fi í sí ìdí táyà títà gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé.

Ìdí táyà yìí yẹ kí a dúró sí díẹ̀. Púpọ̀ nínú ọ̀nà ìgbà náà kò rí ọ̀dà rárá. Erùpẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ ni lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ni nígbà òjò, táyà sì ń jẹ owó ọlọ́kọ̀ bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Ẹni tí ó bá ń ta táyà kò ní pẹ́ mọ àṣírí àwọn ọlọ́kọ̀. Á mọ ẹni tí ó ń san owó lọ́wọ́ àti ẹni tí ó ń tọrọ àwìn. Á mọ ọkọ̀ tí kì í sinmi nítorí ẹrù ń dúró dè é, á sì mọ ọkọ̀ tí wọ́n ti fi igi gbé nílẹ̀ lẹ́yìn ilé olówó rẹ̀. Hope Waddell fún un ní ìwé, ṣùgbọ́n ní tiwa, ìdí táyà ni yunifásítì rẹ̀.

Nǹkan kejì wà níbẹ̀. Owó oṣù akọ̀wé kò tó o, nítorí náà ó ṣí ìsọ̀ aṣọ sí Onitsha, ó pè é ní Ojukwu Stores. Bí ó ṣe di ara àwọn oníṣòwò aṣọ tí ẹrù wọn ń há sí Èkó nìyẹn. Àwọn oníṣòwò láti ìlà-oòrùn máa ń wá ra aṣọ ní Èkó, rírà kò sì nira, gbígbé e délé gan-an ni wàhálà. Kò sí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ọkọ̀ á gba Ìbàdàn, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kí ó tó kan Ìbíní, á sì ti ibẹ̀ forí lé Asaba. Bí ó bá dé Asaba, Odò Ọya á dá a dúró. Afárá kò sí. Fẹ́rì ni ń gbé ọkọ̀ sọdá sí Onitsha, ẹni tí ó bá pẹ́ dé á sì tò sẹ́yìn àwọn tí ó ṣáájú. Àwa tí a máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì kọjá lórí omi yẹn nígbà tí a bá ń padà bọ̀ wá sí iléèwé kò lè mọ ohun tí ìdúró bẹ́ẹ̀ ń ná ẹni tí ó yá owó ra aṣọ.

Ní àwọn ọdún 1930 ni ó fi John Holt sílẹ̀ tí ó dá òwò ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní lọ́rì rí lè rò pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni owó. Ọkọ̀ kì í ṣe owó. Lọ́rì tí kò bá rìn lónìí, gbèsè rẹ̀ kò sùn. Bí ó bá gbé ẹrù lọ tí ó padà lófìfo, ìdajì ìrìn náà ti di òfò. Dírẹ́bà lè gbé èrò lójú ọ̀nà kí ọ̀gá má mọ̀, ọmọ ọkọ̀ lè ta epo lẹ́yìn ìlú, ẹ́ńjìnnì sì lè kú nínú igbó níbi tí mẹkáníìkì kò sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo fi ń wà lórí ọkọ̀ kan títí ọkọ̀ náà yóò fi jẹrà. Àǹfààní tí Ojukwu ní ni pé ó ti mọ ibi tí ẹrù wà kí ó tó ra ọkọ̀: aṣọ láti Èkó lọ, irè oko láti ìlà-oòrùn bọ̀. Àwọn tí ó kọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tún sọ pé kì í fojú fo ohun kékeré, àti pé ó ń ṣiṣẹ́ kára.

Ẹ jẹ́ kí a yà bàrá díẹ̀. Ọdún 1909 yẹn kan náà ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Òun pẹ̀lú wá owó nínú òwò ọkọ̀ àti irè oko ní àwọn ọdún 1930 yìí, ó tilẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò. Òwò kò gbè é, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1944 ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ òfin, a sì mọ ìyókù. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ràn kí lọ́rì máa bá rélùwéè du ẹrù, ọjà kòkó sì ń lọ sókè sódò. Ọgbọ́n nìkan kọ́ ni ó ń mú ọlọ́kọ̀ là, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé Awólọ́wọ̀ kò ní ọgbọ́n.

Ohun tí ó gbé Ojukwu kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àsìkò tí ó tẹ̀lé ogun Hitler. Lẹ́yìn 1945 òwò gbòòrò, ìjọba dá àwọn àjọ sílẹ̀ láti máa ra irè oko láti ta á sókè òkun, àwọn àjọ náà sì nílò ẹni tí yóò kó o. Lọ́rì Ojukwu kó o, ó sì kó ẹrù fún rélùwéè pẹ̀lú. A kò ní fi bò pé ẹrù ìjọba ni ó sọ ọ́ di olówó ńlá, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í sì í dé ọwọ́ ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ti ní ọkọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, kí ni yóò fi kó o?

Láti ibẹ̀, ọrọ̀ náà sáré. Ó di olùdarí ní Shell, ní Guinness, ní Costain, àti ní John Holt tí ó ti jẹ́ akọ̀wé rí. Ó jẹ́ alága báńkì ACB, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ NCNC, wọ́n sì fi í jẹ Sir. Nígbà tí wọ́n dá ọjà ìpín ìdókòwò sílẹ̀ ní Èkó ní 1960, òun ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ Rolls-Royce rẹ̀ ni wọ́n yá fún Ọbabìnrin Elizabeth nígbà tí ó bẹ Nàìjíríà wò ní 1956.

Ilé ni òwò náà ti rí ìjà. Ọmọ rẹ̀ Chukwuemeka, tí wọ́n bí ní Zungeru ní 1933, dàgbà ní Èkó, ó sì ń sọ Yorùbá dáadáa. Bàbá rán an lọ sí King's College, ó rán an lọ sí Epsom ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rán an lọ sí Oxford. Ọmọ náà padà dé, kò sì fẹ́ òwò lọ́rì. Ó lọ ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Udi, irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti fi sílẹ̀ nígbà èwe, ní 1957 ó sì wọ iṣẹ́ ológun. Ó dun bàbá. Ta ni kò ní dùn, tí ó bá ti fi táyà àti erùpẹ̀ kọ́ ilé tí àrólé rẹ̀ kò fẹ́ gbé?

Ní òpin 1965 ni wọ́n parí afárá Odò Ọya láàárín Asaba àti Onitsha. Ní oṣù kìíní 1966 ọmọ náà di gómìnà ológun ìlà-oòrùn. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn afárá náà tí bàbá kú. Kí ọdún 1967 tó parí, ogun ti ba afárá náà jẹ́. Awólọ́wọ̀, ọlọ́kọ̀ ìjelòó, sì ń ṣọ́ àpò owó ìjọba àpapọ̀ lódìkejì.

Àwọn tí ń kọ́ òfin láàárín wa mọ orúkọ ilé kan, Nọ́ńbà 29, Queen's Drive, ní Ìkòyí. Ojukwu Transport, ilé iṣẹ́ bàbá yìí, ni ó ni ín. Ní 1985 ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọmọ rẹ̀ jáde níbẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílé ẹjọ́. Ní 1986 ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, tí Kayode Eso ọmọ Iléṣà wà lára àwọn adájọ́ rẹ̀, kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ìjọba náà títí tí yóò fi kọ́kọ́ pa àṣẹ ilé ẹjọ́ mọ́. Wọ́n ń kọ́ ẹjọ́ náà ní kíláàsì òfin dòní. Owó lọ́rì ni wọ́n fi ra ilé náà.