Edward Wilmot Blyden

Ní erékùṣù St. Thomas ni a bí Blyden ní ọdún 1832. Ó wá ẹ̀kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1850, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ni ó bá kọrí sí Làìbéríà. Ibẹ̀ ni ó ti di olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní 1881, ó là á yé wọn pé Látìnì àti Gíríìkì dára, ṣùgbọ́n kí a fi èdè Lárúbáwá àti àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà kún un, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà di àlejò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni.

Ní 1896, ó kọ̀wé sí Gómìnà Carter pé kí a dá irú ilé-ẹ̀kọ́ gíga bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn ará Èkó kò rí owó rẹ̀ dá pé. Blyden kú ní Freetown ní 1912.