Rótìmí Fani-Káyọ̀dé: Ọmọ Ifẹ̀ tí ayé mọ̀, tí ilé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀

Àgbà Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀-Èkìtì wo ni kò tíì gbọ́ nípa Ọlọ́wẹ̀? Òun ni agbẹ́gilére tó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ Ìsẹ̀, òun náà ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wọn pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà.

Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ Yorùbá mìíràn sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di àwòyanu ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà. Kì í ṣe igi ló gbẹ́ o, kámẹ́rà ló fi ṣiṣẹ́. Rótìmí Fani-Káyọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ kí Ọlọ́wẹ̀ kú iṣẹ́ kí òyìnbó tó rí i. Ẹ̀rù ilé ni Rótìmí ní tirẹ̀ ń bà, nítorí pé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1955 ni wọ́n bí i nílùú Èkó, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Olúwarótìmí. Ilé ọlá ló ti jáde. Àwọn àgbà tó mọ ìṣèlú ayé Ìbàdàn kò lè gbàgbé bàbá rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní Fani-Pawa. Òun ni igbákejì Olóyè S. L. Akíntọ́lá láti ọdún 1963, nígbà tí Akíntọ́lá jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí gbogbo Èkìtì sì wà lábẹ́ àṣẹ Ìbàdàn. Ilé-Ifẹ̀ ni orírun wọn, àtìrandíran ni ìtọ́jú ojúbọ òrìṣà sì ti wà nínú ìdílé náà.

Ẹ ó rántí bí ayé ṣe dàrú lásìkò wẹ́tíẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun dìtẹ̀ gbàjọba. Wọ́n pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn, wọ́n sì mú Fani-Káyọ̀dé lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n orí kó o yọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìdílé náà kó lọ sí ìlú Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rótìmí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tó di ẹni tí ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti ka ìwé mẹ́wàá kó tó rékọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Ó kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì Georgetown, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1980. Ohun tí òbí ń retí lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: iṣẹ́ gidi, ìyàwó, ọmọ, kí orúkọ ilé má sì parẹ́. Dípò èyí, Rótìmí lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò yíyà ní ilé ẹ̀kọ́ Pratt ní New York, ó gboyè jáde ní ọdún 1983, ó sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Brixton, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ló ń gbé tó sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ Alex Hirst jọ ń gbé, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì wọṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò rí i pé nǹkan ilé wa ló kún inú wọn. Ó ya àwòrán kan tó pè ní Àbíkú. Ó lo orí idẹ Ifẹ̀ nínú òmíràn. Ní ọdún 1987, ó ya ọkùnrin kan tí àmì tó-tò-tó kún ara rẹ̀, tó gbé àbẹ́là tó ń jó dání, ó sì pe àwòrán náà ní Ṣọ̀pọ̀ná.

Àwọn àgbà mọ̀ pé a kì í ṣàdédé pe orúkọ yẹn. Olóde là ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná. Ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò yẹn, àrùn mìíràn wà tí ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti dárúkọ, ìyẹn éèdì. Ọdún 1996 ni àpapọ̀ oògùn tó kápá rẹ̀ tó jáde. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ló kú, àwọn kan nínú ìtìjú, láìsí ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn fún un. Lóòótọ́, láti ọdún 1967 ni òfin England ti dẹ́kun fífi àwọn ọkùnrin méjì tó ti dàgbà sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, ìjọba ṣe òfin tí kò jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ wọn sọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọdún 2003 ni wọ́n tó fagi lé e ní England. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọ̀ dúdú rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ilé àfihàn ńláńlá tètè ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí nìyẹn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá Autograph sílẹ̀ ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú. Òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́.

Nínú àlàyé kan tó kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, Rótìmí ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta lòun gbà jẹ́ àjèjì: nínú irú ẹni tí ọkàn òun ń fẹ́, nínú jíjìnnà sí ilé àti àṣà, àti nínú kíkùnà láti di ọkọ ìyàwó oníṣẹ́ gidi tí àwọn òbí òun ń retí. Ó ní bí òun bá pàtẹ àwòrán òun ní Èkó, rògbòdìyàn lè bẹ́ sílẹ̀, wọn yóò sì ní ìwà ìbàjẹ́ òyìnbó lòun kó wálé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dunni. Ọmọ tó ń fi orí idẹ Ifẹ̀ àti orúkọ òrìṣà ṣiṣẹ́ ló ń bẹ̀rù pé wọn yóò pe òun ní òyìnbó.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni ọlọ́jọ́ dé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àìsàn ọkàn ló pa á, lásìkò tó ń gbádùn bọ̀ lọ́wọ́ àìsàn tó rọ̀ mọ́ éèdì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Hirst tẹ̀ lé e ní ọdún 1992. Ọdún mẹ́fà péré ló fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ wọ́n pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Venice nílẹ̀ Ítálì ní ọdún 2003, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá nílẹ̀ òkèèrè sì ń tọ́jú wọn di òní.

Nílé ńkọ́? Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, tó ń fi irú Rótìmí sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá, kò kúrò nílẹ̀. Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan tún buwọ́ lu òfin mìíràn tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá lé ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, àti ọdún mẹ́wàá lé ẹgbẹ́ dídá sílẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní àṣà àti ẹ̀sìn ni wọ́n ń dáàbò bò. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní òfin náà ti di ohun tí àwọn kan fi ń gbowó lọ́wọ́ aláìlẹ́ṣẹ̀, tí ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kí aláìsàn lọ sí ọsibítù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ní ti Rótìmí, ọmọ wa ni, àwọn ẹlòmíràn ló so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Bóyá ẹnì kan fara mọ́ ìgbé ayé rẹ̀ tàbí kò fara mọ́ ọn, kò yẹ kí ẹ̀rù ilé bàbá ọmọ máa ba ọmọ.